Àgbà àti Ọ̀dọ́ Lójú Ọ̀nà Yàgbà: Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Márùn-ún Pẹ̀lú Jíìpù Ńlá Méjì

Ọjọ́ Ajé: láti Lọ́kọ́jà dé Kàbà

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Kábíyèsí ló gbé wa jáde. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú wa ní Yàgbà ti dá owó jọ láti ra jíìpù ńlá kan fún ààfin, ṣùgbọ́n ìpàdé mẹ́ta ni a ti ṣe tí ẹnu wa kò kò. Apá kan ní ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le bí àpáta ni àwọn fẹ́, irú èyí tí mẹkáníìkì ìlú wa lè tú palẹ̀ kó sì tò padà. Apá kejì ní ìtìjú ni kí Ọba wa máa gun ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ayé ti bọ́ sórí ọkọ̀ tó ń fi kámẹ́rà ríran tó sì ń fúnra rẹ̀ tẹ bíréèkì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò lójútùú, wọ́n ní kí èmi tí mo ti fi ọdún 29 kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú irú méjèèjì, kí n wà wọ́n káàkiri ojú ọ̀nà wa fún ọjọ́ márùn-ún, kí n sì kọ ohun tí ojú mi bá rí sílẹ̀.

Ọmọ ìlú wa méjì ló fẹ́ ta ọkọ̀ wọn fún ìlú. Ọkọ̀ kìíní jẹ́ ti ọdún 2010: V8, ìyẹn ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, tí kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, gíà mẹ́fà, ó sì ti rin 214,000 kìlómítà. Èkejì jẹ́ ti ọdún 2022: V6, onísílíńdà mẹ́fà, tó ní tọ́bò méjì, gíà mẹ́wàá, 38,000 kìlómítà péré. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, nítorí ọkọ̀ kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí láti fi dá iléeṣẹ́ láre tàbí lẹ́bi. Àgbà ni mo sọ èkínní, Ọ̀dọ́ ni mo sọ èkejì. Èmi ni mo wa Àgbà. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àbújá, tó sì wà lára àwọn tó ń jà fún ọkọ̀ tuntun, ló wa Ọ̀dọ́. Ìyá wa Akápò, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni ìgbìmọ̀ fi ṣe ẹlẹ́rìí, ìwé owó wọn kò sì kúrò lórí itan wọn láti ilé epo àkọ́kọ́.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni, ooru Lọ́kọ́jà sì ti ń jó ènìyàn lẹ́sẹ̀ láàárọ̀. A rọ epo kún táǹkì méjèèjì dé ẹnu. Mo yọ ọ̀pá gééjì láti wo ọ́ìlì: ti Àgbà dúdú díẹ̀, ó sì ki, ti Ọ̀dọ́ ṣàn bí omi, nítorí 0W-20 ni iléeṣẹ́ ní kí wọ́n máa lò fún un. Mo so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ihò tó wà lábẹ́ sítíárì Àgbà, èyí tó ń fi ìwọ̀n ooru omi ẹ́ńjìnnì gan-an hàn mí lórí fóònù. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti jíìpù tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló gbọ́dọ̀ ní ihò yìí, nítorí náà ẹni tó bá rò pé ọkọ̀ ayé àtijọ́ kò ní kọ̀ǹpútà nínú ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lọ́kọ́jà, ẹ́ńjìnnì Ọ̀dọ́ ń kú fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí a bá dúró, ó sì ń jí padà bí àbúrò mi bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ láti dín epo kù ni, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ẹ̀rọ amúlétutù a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì, ooru a sì wọlé. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹfà, Ìyá Akápò béèrè bóyá ọkọ̀ náà ní wárápá. Àbúrò mi tẹ bọ́tìnì tó ń pa nǹkan náà. Láti ìgbà náà, ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe bó bá ti tan ọkọ̀ ni kó tẹ bọ́tìnì yẹn.

Láti Obájànà dé Kàbà, ojú ọ̀nà oníkọnkéré tó tó kìlómítà 43 ni a gbà. Àwọn tírélà sìmẹ́ńtì tò lọ rẹrẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà tẹ́jú. Níhìn-ín ni Ọ̀dọ́ ti fakọ yọ. Gíà mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, bí ẹni pé kò ṣe iṣẹ́ kankan. Nígbà tí a tún rọ epo ní Kàbà, Ọ̀dọ́ gba lítà 11, Àgbà gba lítà 15 ó dín díẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí ẹni tó lè fojú kéré lítà mẹ́rin mọ́. Ìyá Akápò fi bírò pupa kọ ọ́, wọ́n sì fa ìlà méjì sí i nídìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ìjùmú, a sì padà sùn sí Kàbà

Òkè ni mo wá lọ sí Ìjùmú. Láti Ìyàrà dé Ẹ̀kìnrìn-Àdé, kò sí ohun tó yẹ ní kíkọ. Ní Ògìdì, níbi tí àpáta ti yí ìlú ká, mo ní kí a gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta láìdúró. Àgbà ní láti já gíà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gun ún, ohùn rẹ̀ sì gba ìgboro kan. Ọ̀dọ́ gun ún bí ẹni ń gun àkàsọ̀ ilé rẹ̀. Iṣẹ́ tọ́bò nìyẹn: èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tú jáde ló ń yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó lè yí ju 100,000 ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, kẹ̀kẹ́ náà a sì máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì tipátipá, kí ẹ́ńjìnnì kékeré lè ṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá.

Nígbà tí a dé òkè, àbúrò mi pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, fáànù rẹ̀ sì ń hó lọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Àwọn ọmọdé sá wá, wọ́n ní ọkọ̀ náà kú tán, ó ṣì ń mí. Mo bá a wí. Ooru tọ́bò kì í ṣe kékeré, bí ẹ́ńjìnnì bá sì kú lójijì lẹ́yìn iṣẹ́ àṣekára, ọ́ìlì tó dúró sínú rẹ̀ lè jóná di èédú. Ó dá mi lóhùn pé ọkọ̀ ìsinsìnyí ní pọ́ǹpù oníná tó ń gbé omi yí tọ́bò ká lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti kú. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kan tún ti wọlé nìyẹn tí ẹnìkan yóò wá nígbà tó bá bàjẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ a lọ sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Kàbà. Ọ̀gá kan tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà kí wa ní "Òkun o," wọ́n sì ṣí bónẹ́ẹ̀tì Àgbà. Láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n ti fọwọ́ kan bẹ́líìtì, pọ́ǹpù omi, rédíétọ̀ àti gbogbo ẹ̀yà yòókù, wọ́n sì sọ fún mi pé kí n máa ṣọ́ pọ́ǹpù omi náà, nítorí àwọn rí àmì funfun tó gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo wò ó, mo fọwọ́ nù ún, ó gbẹ. Mo ní yóò dé ilé. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn dúró síbẹ̀ ná. Wọ́n lọ sídìí Ọ̀dọ́, wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí ike dúdú gbàràmù kan tó bo gbogbo rẹ̀, wọ́n sì kọjú sí mi: "Ọ̀gá Olùkọ́, ẹ́ńjìnnì ọ̀hún dà?"

Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí àga onígi níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ní àwọn V8 Toyota ti lítà 4.7, tó wà nínú Land Cruiser 100 àti Sequoia àkọ́kọ́, kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Irin pọ́ńbélé ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, àwọn kò sì tíì rí èyí tó kú ikú àìtọ́jọ́ àfi tí olówó rẹ̀ bá fi ebi omi tàbí ebi ọ́ìlì pa á. Mo fi ẹ̀rí kún un. Ọkọ̀ akẹ́rù Tundra ti ọdún 2007 kan wà ní Amẹ́ríkà, V8 lítà 4.7 ló wà nínú rẹ̀. Ó pé mílíọ̀nù kan máìlì ní ọdún 2016, Toyota sì gbà á padà lọ́wọ́ olówó rẹ̀ kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá kò yà lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí ni bóyá ọkùnrin náà ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Mo ní kò fi ọjọ́ sáfíìsì ṣeré rí. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i?"

Àbúrò mi kò gbà. Ó rán wa létí pé ní oṣù Igbe ọdún 2025, General Motors pe ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600,000 padà ní Amẹ́ríkà, àwọn bíi Tahoe, Suburban, Yukon àti Escalade ti ọdún 2021 sí 2024, nítorí pé ọ̀pá àárín ẹ́ńjìnnì àti bíárìn rẹ̀ lè bàjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sì nọ́ọ̀kì lójijì. V8 lítà 6.2 ni ẹ́ńjìnnì náà, kò sì ní tọ́bò kankan. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé V8 tí ẹ ń bọ kọ́ nìyẹn?" Mo gbà fún un. Èmi náà sì rán an létí pé ní oṣù Èbìbí ọdún 2024, Toyota pe nǹkan bíi 102,000 Tundra àti Lexus LX padà ní Amẹ́ríkà, V6 oní-tọ́bò-méjì ni tiwọn, nítorí èérún irin tó ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnnì láti iléeṣẹ́. Kì í ṣe tọ́bò ló fa ti Toyota, kì í sì ṣe àìsí tọ́bò ló fa ti General Motors. Ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ irin náà tó sì fọ̀ ọ́ ni àṣìṣe ti wá, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú rí ìyẹn lára ọkọ̀ nígbà tó bá fẹ́ rà á.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ti General Motors tí mo ń rò títí di àsìkò tí mo ń kọ èyí. Fún àwọn ẹ́ńjìnnì tó yege nígbà àyẹ̀wò, ọ́ìlì 0W-40 tó ki jù ni wọ́n ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò dípò 0W-20. Ọ́ìlì tó ṣàn bí omi ń dín ìfaragbọ́n irin kù, ó sì ń bá àwọn iléeṣẹ́ dé ìwọ̀n epo tí òfin Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún wọn. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń mú V8 yọ kúrò díẹ̀díẹ̀ nínú jíìpù ńlá: Land Cruiser 300 gba V6 oní-tọ́bò-méjì ní ọdún 2021, Ford Expedition sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2015. Kì í ṣe nítorí ọ̀nà Yàgbà ni wọ́n ṣe ṣe é, n kò sì lè bá wọn jà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń ra ọkọ̀ mọ ẹni tí wọ́n rán aṣọ náà fún.

Ọjọ́rú: Kàbà, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, Mọ́pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀

Ní Mọ́pà, ọlọ́kadà kan já wọ títì láti ẹ̀gbẹ́ igi kajú láìwo ẹ̀yìn. Ọ̀dọ́ ló wà níwájú. Kí àbúrò mi tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ náà ti tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀, ìwé owó Ìyá Akápò sì ti fò bọ́ sílẹ̀. Ọlọ́kadà náà kò mọ̀ rárá pé ikú kọjá lára òun. Mo wà lẹ́yìn, mo rí i, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba: Àgbà kì bá tí ṣe èyí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ya ìmọ̀ ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tuntun sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́kàn mi. Èyí tó ń ṣọ́ ènìyàn wà, èyí tó ń ṣọ́ epo wà, èyí tó sì wà fún fújà lásán wà, irú bí iná aláwọ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó ń tàn nínú ilẹ̀kùn Ọ̀dọ́. Àwọn ènìyàn a máa pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí wọ́n bá ń yìn ín tàbí bí wọ́n bá ń bú u.

Lẹ́yìn Ìsánlú ni kòtò bẹ̀rẹ̀. A ń yà sọ́tùn-ún, a ń yà sósì, táyà ń já bọ́ sínú ihò tí omi òjò tó kọjá ti gbẹ́. Àgbà ń pariwo lábẹ́, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti rẹ̀. Ọ̀dọ́ gbé ara rẹ̀ sókè, ó sì ń fò lé kòtò bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí aṣọ òun. Bíi ìdajì wákàtí sí i, mo rí i pé ó dẹ́kun fífò. Ó ń falẹ̀. Iná aláwọ̀ òféèfèé ti tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ sì wà lójú ẹ̀rọ pé agbára ẹ́ńjìnnì ti dín kù, kí wọ́n lọ bá iléeṣẹ́ tó ta ọkọ̀. Iléeṣẹ́ ọ̀hún wà ní Àbújá. Ọkọ̀ náà kò kú. Ó ń tiro, ìtiro yẹn ni wọ́n sì kọ́ ọ láti máa ṣe nígbàkigbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá rí ohun tí kò yé e, kí ẹ́ńjìnnì má baà pa ara rẹ̀. A tiro dé Ẹ̀gbẹ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, àwọn kẹ̀kẹ́ márúwá ń yà wá sílẹ̀.

Nítòsí ọjà Ẹ̀gbẹ̀ ni a ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀. Ó ki ẹ̀rọ náà bọ ihò, nọ́ńbà kan sì jáde: P0299. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wọlé kò tó iye tí kọ̀ǹpútà ń retí. Àbúrò mi yọ̀, ó ní ṣé mo rí i bí ọkọ̀ tuntun ṣe ń sọ ibi tó ń dùn ún. Mo ní kó fara balẹ̀. Nọ́ńbà náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sọ ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ tọ́bò fúnra rẹ̀ ló kú, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ló ń purọ́, ó lè jẹ́ họ́ọ̀sì ló ya, ó sì lè jẹ́ fáàfù kékeré tó ń dárí rẹ̀ ló há. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ lè pààrọ̀ tọ́bò méjì, kó gba owó ilé lọ́wọ́ olówó ọkọ̀, kí iná náà sì tún tàn lọ́jọ́ kejì.

Wákàtí mẹ́rin ni a fi wá a. Ike bíi mẹ́ta ni a ṣí, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ní ìbòrí tirẹ̀, síkúrù rẹ̀ sì ju ogún lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò kánjú, ó ń to síkúrù sórí páálí bí wọ́n ṣe ń jáde, inú mi sì dùn sí i. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ibi tí tèmi kò lè dé, ó ní, "Bàbá, kílíìpù ibí ti tú." Họ́ọ̀sì tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti inú tọ́bò lọ síbi tí wọ́n ti ń tu ú lára ti yọ díẹ̀ kúrò lẹ́nu páìpù nítorí jàgìjàgì ọ̀nà. Ó fi sípánà mú un le. A pa àṣìṣe náà rẹ́, a gbé e jáde, ó sì fò bíi ti tẹ́lẹ̀. Owó iṣẹ́ tó gbà kò tó nǹkan. Ìyá Akápò fi kún un láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n.

Mo fi fóònù pe ẹnìkan tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní ọjà Ládìípọ̀ ní Èkó, kí n lè mọ̀ bí họ́ọ̀sì náà bá ti ya pátápátá ńkọ́. Ó ní òun kò ní in, kò sì sí ẹni tó ní in lágbègbè òun. Dubai ni àwọn yóò ti kọ̀wé béèrè rẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ Ọba yóò fi máa tiro nítorí rọ́bà.

Kí a tó sùn, mo yọ ẹ̀rọ kékeré mi kúrò lára Àgbà, mo fún àbúrò mi pé kó so ó mọ́ Ọ̀dọ́, nítorí òun ni ọkàn mi kò balẹ̀ sí.

Ọjọ́bọ̀: Ẹ̀gbẹ̀ padà sí Ìsánlú

Àṣìṣe tí mo ṣe lálẹ́ àná ni mo fẹ́ kọ níhìn-ín, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá Akápò wá jókòó sọ́dọ̀ mi nínú Àgbà, wọ́n ní ara Ọ̀dọ́ rọ̀ jù, ó ń kun àwọn lóorun. A kọjá Odò-Ẹ̀rẹ̀, ooru mú gan-an, Àgbà sì ń lọ geere. Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ọwọ́ gééjì ooru wà láàárín gẹ́gẹ́ bó ti wà láti Lọ́kọ́jà. Mo ń sọ ọ́ fún wọn lọ́wọ́ pé ẹ̀rọ tí kò bá ní wàhálà kò ní ariwo, nígbà tí wọ́n fa imú wọn, tí wọ́n ní kí ló ń rùn bí ṣúgà tó ń jóná.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ara mi sì tutù. Òórùn dídùn nínú ọkọ̀ tó gbóná, omi rédíétọ̀ ni. Mo pa amúlétutù, mo tan ẹ̀rọ tó ń tú ooru sínú ọkọ̀ dé òkè pátápátá kí ó lè bá ẹ́ńjìnnì gbé díẹ̀ nínú ooru náà, mo sì yà sábẹ́ igi ìgbá kan. Òógùn bò wá. Mo pe àbúrò mi padà, ó mú ẹ̀rọ kékeré náà wá, a so ó mọ́ Àgbà: ooru omi rẹ̀ jẹ́ dígírì 112. Ó yẹ kó wà láàárín 85 sí 95. Síbẹ̀ ọwọ́ gééjì ṣì wà láàárín, ó ń wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe gééjì wọn bẹ́ẹ̀, kó má máa lọ sókè sódò tí yóò fi máa dẹ́rù ba olówó ọkọ̀; nígbà tó bá fi máa sún, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Pọ́ǹpù omi ni. Ibi tí Ọ̀gá Kàbà fọwọ́ kàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo nù tí mo ní yóò dé ilé, ló ti ń jò. Bí mo bá ti wakọ̀ náà fún ìdajì wákàtí sí i, orí ẹ́ńjìnnì ì bá ti tẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì ì bá ti jó, V8 tó le bí àpáta ì bá sì ti di irin tí wọ́n ń tà ní kílò. Àbúrò mi kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn sì dùn mí ju yẹ̀yẹ́ lọ. Ìyá Akápò ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nínú wọ́ọ̀dù, aláìsàn tó ń ké kì í ba àwọn lẹ́rù. Ó wà láàyè, ó sì ń sọ ibi tó ń dùn ún. Èyí tó dákẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ni àwọn máa ń sáré lọ bá. Wọ́n ní lánàá Ọ̀dọ́ ké nítorí kílíìpù, ẹ fi wákàtí mẹ́rin ṣèrànwọ́ fún un. Lónìí Àgbà fẹ́ kú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ wọn ló tọ̀nà ju gbogbo ohun tí mo ti ń kọ́ ọmọ lọ. Ohun tí a ń pè ní agbára ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jẹ́ àlékún tí wọ́n fi sínú rẹ̀: irin tó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ọ́ìlì tó ki, ẹ́ńjìnnì ńlá tí kò ní láti fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àlékún yẹn ló ń jẹ́ kó fara da àìbìkítà fún ìgbà pípẹ́, títí di ọjọ́ tí kò ní lè fara dà á mọ́. Nínú ọkọ̀ tuntun, wọ́n ti gé àlékún náà kúrò láti dín epo kù, wọ́n sì fi sẹ́ńsọ̀ rọ́pò rẹ̀, pé bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́ kó ké kó sì tiro. Kò sí irọ́ nínú ètò náà, àfi pé igbe nílò ẹni tí yóò gbọ́ ọ, ẹni tó gbọ́ ọ sì nílò kílíìpù àti họ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ ilé tó wà nítòsí gbé omi wá, a dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù kí a tó ṣí ìdérí, a sì ń rọ omi, a ń dúró, a ń rọ omi, títí a fi dé Ìsánlú. Mo pe Ọ̀gá ní Kàbà, mo sì jẹ́wọ́. Wọn kò rojọ́. Wọ́n ní oríṣi pọ́ǹpù náà méjì ló wà lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, tuntun àti tòkunbọ̀, èwo ni mo fẹ́. Tuntun ni mo mú. Wọ́n fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú wéébìlì nínú ọkọ̀ èrò tó ń bọ̀ wá sí Ìsánlú, ó dé ní agogo mẹ́ta ó kọjá, mẹkáníìkì kan àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ti fi sí i kí wọ́n tó pe àdúrà ìrọ̀lẹ́. Kò sí ike kankan tí wọ́n ṣí.

Ọjọ́ Ẹtì: ààfin

Ìpàdé kò pẹ́. Mo ka àkọsílẹ̀ yìí fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú pọ́ǹpù omi tí mo nù. Mo ní kí wọ́n ra Àgbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má rà á bí ẹni ra ohun tí kò lè kú: kí wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀, bẹ́líìtì àti gbogbo họ́ọ̀sì rẹ̀ kó tó wọ ààfin, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i, kí ọ́ìlì rẹ̀ má kọjá 5,000 kìlómítà, kí wọ́n sì de gééjì ooru tó ń fi nọ́ńbà sọ òótọ́ mọ́ ọn níwájú awakọ̀, èyí tó ń dún bí ó bá kọjá 100. Owó tó máa ṣẹ́kù lórí iye tí wọn ì bá fi ra Ọ̀dọ́ ju ìnáwó yìí lọ fíìfíì. Mo tún sọ fún wọn pé bó bá jẹ́ Lọ́kọ́jà tàbí Àbújá ni Kábíyèsí ń gbé, ọ̀rọ̀ mi ì bá yàtọ̀, nítorí ọlọ́kadà Mọ́pà kò kúrò lójú mi.

Àbúrò mi kò fara mọ́ ọn. Ó ní bí a kò bá ra ọkọ̀ tuntun, ẹnikẹ́ni kò ní kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe, ó sì tọ́ka sí ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gbẹ̀. Èsì kò sí lẹ́nu mi. Akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Olóyè kan béèrè bóyá a lè kun Àgbà ní àwọ̀ funfun. Ìyá Akápò ka owó náà jáde, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé Àgbà ni.

Ó kù kí Ọ̀dọ́ padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀ ní Àbújá. Mo fi ẹ̀rọ kékeré náà sílẹ̀ fún àbúrò mi títí tí yóò fi délé. Ó ní kò nílò rẹ̀, ọkọ̀ náà yóò ké bí nǹkan kan bá ṣe é. Ó mú un lọ síbẹ̀síbẹ̀. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, ó tẹ̀ mí láago láti Obájànà, níbi tí àwọn tírélà ti dí ọ̀nà tí gbogbo ọkọ̀ dúró. N kò tíì kí i tán tó fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, 92 ni."

Ó pa fóònù rẹ̀.